Kọ̀ǹpútà Ilé Tó Ń Ṣòjòjò: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Náwó Lé E

Ọ̀rọ̀ owó orí àti ìwé ìṣirò la sábà máa ń gbé yẹ̀ wò lójú ewé yìí. Ẹ̀kọ́ ti òní yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí àpò wa.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, láti Tallaght dé Blanchardstown títí lọ dé Balbriggan, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Òun ni màmá tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nílé fi ń kọ iye tí òbí kọ̀ọ̀kan san. Òun ni bàbá tó ń wa takisí fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó epo àti owó àtúnṣe ọkọ̀. Òun náà ni àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ iléèwé, kí wọ́n tó wá fi gbá géèmù di òru. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá dákú, gbogbo ilé ló máa mọ̀.

Oníṣirò owó ni mí, n kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, àwọn tó ń pè mí nítorí kọ̀ǹpútà tó kú máa ń pọ̀ ju àwọn tó ń pè mí nítorí owó orí gan-an lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé owó orí ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sí Revenue. Àwọn tó bá fi ROS ránṣẹ́, tí wọ́n sì fi ROS sanwó, máa ń rí ọjọ́ díẹ̀ gbà sí i, títí di àárín oṣù kọkànlá. Ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó orí rẹ̀. Bí ó bá ju oṣù méjì lọ, ó di ìdá 10. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé "kọ̀ǹpútà mi ò tàn" yóò tó àwáwí lọ́dọ̀ wọn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ àfìgbà tó bá bọ́. Cert tí a fi ń wọ ROS, fáìlì ni. Inú kọ̀ǹpútà yín ló ń gbé, orúkọ rẹ̀ sì máa ń parí sí .p12 tàbí .p12.bac. Bí díìsì kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ tí ẹ kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, cert ti bá a lọ nìyẹn, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kódà, bí ọmọ yín bá kàn nu ìtàn Chrome tàbí Edge nù kí ẹ má bàa rí ibi tó ti lọ, ó lè nu cert tó wà níbẹ̀ nù pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ nígbà náà. Ẹ kàn máa tún cert gbé wọlé láti inú ẹ̀dà tí ẹ tọ́jú ni. Mo mọ ilé tí wọ́n ti fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí èyí.

Ara ni, ọkàn ni, àbí ọ̀nà?

Nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú àgbàlagbà pọ̀ nínú wa. Wọ́n mọ̀ pé a kì í fún aláìsàn lóògùn kí a tó bi í pé ibo ló ń dùn ún. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà. Ara rẹ̀ ni ohun tí ọwọ́ lè kàn: ṣájà, bátìrì, díìsì, fáànù, ojú rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù. Ọkàn rẹ̀ ni àwọn ètò tó ń darí ara yẹn: Windows, Chrome, Word àti irú wọn. Ọ̀nà ni íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbà wọlé. Ẹni tó bá ti mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ìdajì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa ń ta ìyáàsì fún nígbà tí fíúsì ló jó.

Bí kò bá tàn rárá

Ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ki ṣájà fóònù tàbí iná tábìlì bọ ibẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń ṣàìsàn. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Ireland náà ni à ń lò ní Nàìjíríà, fíúsì kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń jó. Ẹni tó ti gbé Èkó láyé NEPA kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ fíúsì, ṣùgbọ́n ó jọ pé òtútù ibí ti mú wa gbàgbé.

Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ wo iná kékeré tó wà nítòsí ihò ṣájà. Bí kò bá tàn, ṣájà tàbí ihò yẹn ni kí ẹ fura sí. Ẹ yá ṣájà irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan kí ẹ fi dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: fólítì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí iná bá tàn síbẹ̀ tí ẹ̀rọ kò dáhùn, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn náà kí ẹ dá ṣájà padà, kí ẹ sì tan án. Iná tó há sínú rẹ̀ lẹ fi ìyẹn lé jáde. Iye "òkú" tí ọgbọ́n kékeré yìí ti jí dìde kò lóǹkà.

Bí ẹ bá ń gbọ́ fáànù tó ń yí, àmọ́ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ fi okùn HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá yọ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yín ṣì wà láàyè, ojú rẹ̀ nìkan ló ní ìṣòro. Ẹ kó gbogbo fáìlì yín jáde báyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtúnṣe. Bó bá ń dún fíì-fíì léraléra nígbà tí ẹ tan án, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ń dùn ún. Ó sábà máa ń jẹ́ pé RAM, pátákó tó fi ń rántí nǹkan, ló ṣí kúrò nípò.

Ohun kan wà tí a kì í fi ṣeré. Bí abẹ́ láptọ́ọ̀pù tàbí ibi kíbọ́ọ̀dù bá wú sókè, bátìrì ló ń wú. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ṣájà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì fi sílẹ̀ sójú iná mọ̀nàmọ́ná ní òru. Bátìrì tó wú lè gbiná. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí kò bá wú, àmọ́ tó ń gbóná, tí fáànù ń pariwo bí jẹnẹrétọ̀, tó sì ń kú fúnra rẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹ gbé e lé. Orí bẹ́ẹ̀dì àti orí dùfẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù, aṣọ yẹn a sì dí ihò tó fi ń mí. Erukú kápẹ́ẹ̀tì náà a máa dí i. Ẹ gbé e sórí tábìlì, jìnnà sí ẹ̀rọ amúlégbóná, kí ẹ sì fẹ́ erukú kúrò lẹ́nu ihò náà.

Bó bá ń fà bí ìgbín

Ẹjọ́ tí mo ń gbọ́ jù nìyí. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager yóò ṣí, ẹ ó sì rí ètò tó ń jẹ gbogbo agbára ẹ̀rọ. Níbẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí Startup apps, ìyẹn àwọn ètò tó ń jí fúnra wọn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Ẹ dá àwọn tí ẹ kò nílò dúró. Géèmù àwọn ọmọ ló sábà máa ń kún ibẹ̀. Ẹ wo àyè tó ṣẹ́ kù lórí díìsì náà: díìsì tó kún dẹ́nu, kò sí bí kò ṣe ní fà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi ara yín pé irú díìsì wo ló wà nínú rẹ̀. Díìsì àtijọ́ jẹ́ àwo irin tó ń yí, tí apá kékeré kan ń ka ohun tó wà lórí rẹ̀, bí ẹ̀rọ gíráámù ayé àwọn bàbá wa. Ti ìsinsìnyí, tí wọ́n ń pè ní SSD, kò ní ohun tó ń yí nínú rárá. Bí ẹ̀rọ yín bá ti pẹ́ tó bá sì jẹ́ àwo ló wà níbẹ̀, kí a yọ ọ́ kí a fi SSD sí i ni owó tó lérè jù tí ẹ lè ná lé e. Láìfi dúdú pe funfun, mo rò pé ìdajì àwọn kọ̀ǹpútà tí a ń kó dànù ní Dublin yìí, SSD ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ láti inú díìsì alàáwo, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má tún un tàn léraléra kí ẹ wò ó bóyá á ṣe é. Ìró yẹn, apá tó ń kàwé ló ń ṣìnà, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sì tan án lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Bó bá ṣì ń ṣí, ẹ kó ìwé òwò yín jáde kí ẹ tó kan fọ́tò ìsọmọlórúkọ. Bí kò bá ṣí mọ́, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń yọ fáìlì nínú díìsì tó bàjẹ́, kí ẹ sì béèrè iye owó wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, nítorí ó lè ju owó kọ̀ǹpútà tuntun lọ.

Ojú búlúù àti kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48

Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣàdédé di búlúù tàbí dúdú tí ọ̀rọ̀ kékeré wà lórí rẹ̀, ẹ fi fóònù ya ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ àìsàn náà ló kọ síbẹ̀, òun sì ni ẹni tó máa tún un ṣe yóò kọ́kọ́ béèrè. Kí ẹ wá rántí ohun tó yí padà kẹ́yìn: ṣé ẹ so pírítà tuntun mọ́ ọn ni, àbí ètò kan wọlé lánàá? Ẹ mú un kúrò. Bí Windows kò bá jẹ́ kí ẹ wọlé, bẹ̀rẹ̀ láti Safe Mode, níbi tí àwọn ètò tó ṣe kókó nìkan ti máa ń jí. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ tẹ sfc /scannow. Windows yóò yẹ ara rẹ̀ wò, yóò sì tún fáìlì rẹ̀ tó bàjẹ́ ṣe bó bá lè ṣe é.

Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun ní ìṣòro mìíràn tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ti díìsì wọn pa fúnra wọn, kí olè má bàa ka ohun tó wà níbẹ̀. BitLocker lorúkọ ètò náà. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn àtúnṣe kékeré, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 lọ́wọ́ yín. Inú àkáǹtì Microsoft ni kọ́kọ́rọ́ yẹn sábà máa ń wà. Ṣé ẹ mọ ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì náà lọ́jọ́ tí ẹ ra ẹ̀rọ? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ṣí i, pẹ̀lú ímeèlì tó ti gbàgbé. Ẹ bi í lónìí, kí ẹ wá kọ́kọ́rọ́ náà rí, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí páálí ìrìnnà yín wà.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò gùn. Ẹ fi fóònù wò ó lórí Wi-Fi kan náà. Bí fóònù bá wọlé, kọ̀ǹpútà lẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá wọlé, ẹ yọ iná ráútà, ẹ ka 30, ẹ dá a padà. Pírítà tí kò tẹ̀wé, iṣẹ́ àtijọ́ kan ló sábà há sẹ́nu ìlà. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún rán tuntun.

Dókítà tí ẹ kò ránṣẹ́ pè

Fóònù á dún. Ẹni tó pè á ní láti Microsoft ni òun ti ń pè, kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ jẹ́ kí òun wọ inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá tún un ṣe. Nígbà mìíràn, ojú ewé kan á gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, á máa han bí ọkọ̀ panápaná, nọ́ńbà fóònù á sì wà níbẹ̀. Microsoft kì í pe ẹnikẹ́ni tí kò kọ́kọ́ pè wọ́n. Ẹ já fóònù. Ti ojú ewé yẹn, ẹ fi Task Manager tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pa á. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹ yọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ pe báǹkì yín, ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì sọ fún Garda. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ilé kékeré nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí, kó rántí HSE, àjọ ìlera Ireland tí ọ̀pọ̀ wa ń bá ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta 2021, ímeèlì kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà kan. Lọ́jọ́ 18, ẹni tó ń lò ó ṣí fáìlì Excel tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó hàn sójú. Lọ́jọ́ 31 oṣù náà, ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì rí i pé nǹkan kò lọ déédéé, ṣùgbọ́n wọ́n ti tò ó pé kó máa wò nìkan, kó má ṣe dí ohunkóhun lọ́nà. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, àwọn ọ̀daràn ti àwọn fáìlì pa káàkiri orílẹ̀-èdè, ilé ìwòsàn padà sórí bébà àti bírò. Ìjọba kọ̀, kò san owó ìtúsílẹ̀. Ní ọjọ́ 20, àwọn ọ̀daràn fúnra wọn fi kọ́kọ́rọ́ náà ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó rí gbogbo sáfà tú tán. Fáìlì Excel ni o. Lójoojúmọ́ ni èmi náà ń gba fáìlì Excel. Ẹ pe ẹni tó fi ránṣẹ́ kí ẹ tó ṣí èyí tí ẹ kò retí.

Ẹ̀dà mẹ́ta

Revenue fẹ́ kí oníṣòwò tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ọdún 6. Kọ̀ǹpútà wo ló dá yín lójú pé yóò pé ọdún 6? Nítorí náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ níye lórí ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí díìsì àfisódì tí ẹ máa yọ kúrò lára rẹ̀ bí ẹ bá ti ṣe tán, ọ̀kan níta ilé, bíi OneDrive tàbí Google Drive. Èyí tí ẹ yọ kúrò yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ohun tó bá so mọ́ kọ̀ǹpútà ni irú àwọn ọ̀daràn wọ̀nyẹn lè tì pa pẹ̀lú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ fi ṣe é, lẹ́yìn ìrẹsì. Ẹ fi cert ROS àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kún un. Kí ẹ sì máa ṣí fáìlì kan nínú ẹ̀dà náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń ṣí lóòótọ́.

Kí a tún un ṣe, àbí kí a ra tuntun?

Ẹ kọ́kọ́ wá rìsíìtì. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti Ireland tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá 2022, ṣọ́ọ̀bù tó tà á fún yín ló ni ẹjọ́, kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ṣe é. Bí àbùkù bá yọ láàárín oṣù 12, òfin gbà pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ rà á, àfi bí ontajà bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè béèrè ẹ̀tọ́ yín títí di ọdún 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ó máa wá ẹ̀rí lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní. CCPC ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ aládùúgbò tí kì í ṣe ontajà kò rí ààbò yìí.

Ìmọ̀ràn tèmi gẹ́gẹ́ bí oníṣirò ni pé bí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ, àfi bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ní ẹ̀dà. Ẹ sì wo ọjọ́ orí Windows rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Europe rí ọdún kan sí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, títí di oṣù kẹwàá 2026, bí a bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 2018 kì í sábà gba Windows 11. Ó ṣì lè gba Linux, ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó fún ọmọ tó ń kàwé.

Ẹ̀rọ tó bá ti kú tán, Coolmine, Ballymount, Ringsend àti Estuary ní Swords ń gbà á lọ́wọ́ onílé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa yóò fẹ́ fi í sínú àpótí tó ń lọ sílé fún àbúrò tàbí fún iléèwé abúlé. Ohun rere ni bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, àwọn Basel Action Network láti Amẹ́ríkà lọ wo àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń gúnlẹ̀ sí Èkó. Wọ́n ra díìsì bíi mélòó kan níbẹ̀, wọ́n sì bá àkọsílẹ̀ àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Pípa fáìlì rẹ́ lásán kì í nù ún nù. Kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe yọ díìsì náà fún yín, kí ẹ fi òmíràn sí i fún àbúrò, kí ẹ sì ti èyí tí ẹ yọ mọ́ àwọn ìwé ìṣirò yín títí ọdún 6 yẹn yóò fi pé.